Ìlò Èdè Yorùbá fún Kíkọ́ni ní Iṣẹ́ Ọwọ́: Híhun Ìfẹ̀yìntì Aláràbarà láti inú Àhunkù Òwú ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìfáárà

Àṣìṣe kan tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣe ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń ṣe ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún jọ, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi òwú wúlù hun nǹkan, èdè Yorùbá ni ó sì fi ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó pe ohun tí wọn ń hun ní 'ìfẹ̀yìntì'. A fa ìlà pupa sí i lábẹ́. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé ìfẹ̀yìntì ni ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe nígbà tí ọjọ́ bá lọ, tìmùtìmù sì ni orúkọ ohun tí a ń gbé sórí àga. A yọ máàkì mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà mọ́ wa lọ́wọ́, a ó sọ ọ́ bí a bá dé ibẹ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ sílẹ̀ ju ti máàkì mẹ́ta lọ. Èrò kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àní láàrin àwọn olùkọ́ pàápàá, pé èdè Yorùbá dára fún òwe, oríkì àti ìtàn, ṣùgbọ́n bí ó bá kan iṣẹ́ tí ó ní ìwọ̀n, iye àti ìlànà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a gbọ́dọ̀ yà sí. Ó yẹ kí èrò yìí ti kú tipẹ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ bíbí Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Bí a bá wá wo ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, a ó rí i pé orí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ ọwọ́ kò sí lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti ṣe níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní híhun ní láti wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń hun.

Òwú ní Erékùṣù Èkó

Abẹ́rẹ́ àti òwú kì í ṣe àjèjì ní Erékùṣù Èkó. Kí àwọn Òyìnbó tó dé ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ti ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró, tí àwọn ọkùnrin sì ń hun aṣọ olójú tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti ilẹ̀ Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun: àwọn ọkùnrin wọn ń mọlé, wọ́n ń gbẹ́ pákó, ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wọn sì ń ránṣọ. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ìgbà náà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ jẹ́ ara ohun tí a ń kọ́ ọmọbìnrin. Láti ibẹ̀ ni híhun pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn méjì ti wọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì di ara iṣẹ́ ọwọ́, òun àti ìgbálẹ̀ gígé àti ẹní híhun.

Lónìí, ẹni tí ó bá rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Ọjà Balógun, tí ó sì gba Jankárà kọjá, yóò rí wúlù lóríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn ìyá ọmọ tuntun ń ra fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti kàádígáànì tí a fi ọwọ́ hun, bí oòrùn Èkó tilẹ̀ ń mú bí iná. Ṣùgbọ́n àwọn onídìrí ni oníbàárà tí ó yani lẹ́nu jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí dídi irun pẹ̀lú wúlù ti di àṣà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní wúlù Brazil, kò sí ilé onídìrí kan tí kò ní ìdì wúlù tí ó ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá: dúdú ni ó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà pupa àti àlùkò fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn onídìrí mẹ́ta ní àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwú rẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọjà ń pè ní wúlù kì í sábà jẹ́ irun àgùntàn. Kẹ́míkà tí a rí láti ara epo rọ̀bì ni a fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti dá wọn mọ̀, kí olùkọ́ (kì í ṣe ọmọ) gé fọ́nrán kúkúrú, kí ó sì fi iná kàn án. Irun àgùntàn yóò rùn bí irun orí tí ó jóná, eérú rẹ̀ yóò sì fọ́ lọ́wọ́. Òwú oko yóò jó bí bébà. Wúlù oníkẹ́míkà yóò yọ́, yóò sì dì sí kókó líle. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Bí àwọ̀ pupa tàbí dúdú bá wà nínú òwú náà, kí a rẹ fọ́nrán rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí a fi aṣọ funfun fún un. Èyí tí ó bá ń ṣí, kí a yọ ọ́ sọ́tọ̀, nítorí yóò ba funfun tí ó yí i ká jẹ́ ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́

Orúkọ wo ni kí a pe òwú tí ó ṣẹ́ kù? Àwọn ọmọ kan ń pè é ní àlòkù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti ní ìtumọ̀ mìíràn ní Èkó: ọkọ̀ àlòkù àti aṣọ àlòkù ni ohun tí ẹlòmíràn ti lò rí. Òwú yìí kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ wa wo àjẹkù àti àmukù, ó sì rí i pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe, àti kù ni wọ́n fi ṣẹ̀dá wọn. Ó fi hun sí ààrin, ó rí àhunkù. Ó fi rán sí i, ó rí àránkù fún gígé aṣọ tí ó kù lọ́wọ́ télọ̀. Kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì náà tí ó bèèrè ìtumọ̀ wọn. Ohun tí a ń pè ní ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ tí ó múnádóko nìyí, tí a kò ní láti ṣe àlàyé rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Fún ihò kọ̀ọ̀kan tí òwú ń ṣe lórí abẹ́rẹ́, ojú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn apẹja etí ọ̀sà ti ń sọ ojú àwọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó gbé wúlù dé. Ìlà ni ọ̀wọ́ ojú láti etí kan dé èkejì. Aṣọ ní ojú àti òdì. Nítorí náà, ìlà tí a hun nígbà tí ojú aṣọ kọ sí wa ni ìlà ojú. Èyí tí a hun nígbà tí òdì kọ sí wa ni ìlà òdì. Fún bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ọmọ sọ pé kí a 'gbé ojú lé' abẹ́rẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ gbójúlé nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó 'pa ojú dé'.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Lórí òfì, òwú púpọ̀ ni ó nà gbọọrọ, tí ọ̀kọ̀ sì ń gbé òwú mìíràn gba àárín wọn kọjá. Lórí abẹ́rẹ́ méjì, òwú kan ṣoṣo ni ó ń wọ inú ojú ara rẹ̀. Bí ojú kan bá bọ́, gbogbo èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè máa tú lọ. Hun ni Yorùbá ń pe méjèèjì, a kò sì rí ìdí tí a fi ní láti yí i padà.

Bí a ṣe ń hun ún

Abẹ́rẹ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ tàbí wáyà kẹ̀kẹ́ hun nǹkan rí ní kékeré. Wáyà kẹ̀kẹ́ kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ, aṣọ tí a bá fi í hun yóò sì le gan-an bí òwú bá sanra. Mìlímítà 4 ni a ń fẹ́. A lè la ọparun, kí a fá a, kí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, kí a fi bébà ìdán dán an títí tí kò fi ní máa gbá òwú mú. Bí wúlù onídìrí bá tín-ín-rín jù, kí a fi fọ́nrán méjì pọ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó hun ìdánwò: ojú 30, ìlà 30, pẹ̀lú àwọ̀ méjì. A ó fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 10 ní àárín rẹ̀. Ojú 22 ní ìbú àti ìlà 26 ní gíga ni ó yẹ kí a kà. Bí ojú bá ju 22 lọ, ọwọ́ le. Kí a wá abẹ́rẹ́ tí ó sanra díẹ̀ sí i. Bí kò bá tó 22, kí a wá èyí tí ó tín-ín-rín. Ìwọ̀n tí a fẹ́ ni sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú àti ní gíga. Ìbú rẹ̀ yóò jẹ́ ojú 66. A ó fi ojú kan kún etí kọ̀ọ̀kan fún rírán, ó di 68. Gíga rẹ̀ yóò jẹ́ ìlà 78. Níbí ni ètò ònkà Yorùbá ti ran àwọn ọmọ lọ́wọ́: méjìdínláàádọ́rin. Wọ́n ń ka ojú ní mẹ́wàá mẹ́wàá títí dé àádọ́rin, wọ́n sì ń yọ méjì kúrò, gẹ́gẹ́ bí orúkọ iye náà fúnra rẹ̀ ti wí. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó ń kọ́ni ní ìṣirò kò gbà wá gbọ́ títí tí ó fi wá fi ojú rẹ̀ rí i.

Funfun ni ìpìlẹ̀. Nǹkan bí mítà 80 rẹ̀ ni yóò tó. A kì í sábà rí iye yìí nínú àhunkù ẹyọ kan. Bí a bá so funfun orísìí méjì pọ̀, kí a máa pààrọ̀ wọn ní ìlà méjì méjì, kí ìyàtọ̀ wọn má baà hàn bí àbàwọ́n. Fún àwọn àwọ̀ tó kù, yáàdì márùn-ún péré ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ. Ìdí tí àhunkù fi wúlò nìyí: òwú tí kò lè hun ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè parí ọ̀wọ́ kan.

A ó fi funfun hun ìlà méjì, ìlà ojú kan, ìlà òdì kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ìlà mẹ́jọ ni. Ìlà 1 àti 2 jẹ́ funfun. Ní ìlà 3, lẹ́yìn ojú etí, a ó hun funfun 2, àwọ̀ 1, funfun 3, a ó sì tún un ṣe títí dé etí kejì, ìgbà mọ́kànlá. Ìlà 4 jẹ́ ìlà òdì. Funfun 2, àwọ̀ 3, funfun 1. Ìlà 5: àwọ̀ 5, funfun 1. Ìlà 6 dà bí ìlà 4, ìlà 7 dà bí ìlà 3, ìlà 8 sì jẹ́ funfun. Ohun tí yóò jáde ni ọ̀wọ́ àwòrán olórígun mẹ́rin tí ó dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án ni a ó hun báyìí, ó di ìlà 72. A ó fi funfun ìlà mẹ́rin parí rẹ̀, a ó sì pa ojú dé. Bí olùkọ́ bá ya àwòrán yìí sórí bébà onígun, kí ó rántí pé láti ọ̀tún ni a ti ń ka ìlà ojú, láti òsì ni a ti ń ka ìlà òdì. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ Lárúbáwá ní ilé kéú kò rí ohun ìyanu nínú kíkà láti ọ̀tún.

Àwọ̀ méjì péré ni ó ń wà nínú ìlà kan. Ìlànà yìí kan náà ni àwọn ahunṣọ erékùṣù Fair Isle, ní àríwá ilẹ̀ Scotland, ń tẹ̀lé nínú iṣẹ́ tí a mọ̀ wọ́n fún káàkiri àgbáyé. Àwọ̀ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ yóò máa gba ẹ̀yìn kọjá. Nínú àwòrán tiwa, kò ní fo ju ojú márùn-ún lọ, nítorí náà ìka kò ní máa há sí i. Níbi tí gbogbo àwọn ọmọ ti ṣàṣìṣe ni fífa òwú ẹ̀yìn yìí. Bí wọ́n bá fà á jù, aṣọ yóò sún kì, yóò sì rí bí iwájú orí arúgbó. Àwọn ọmọbìnrin tí ó mọ irun dí ni ó jẹ̀bi jù, nítorí ọwọ́ wọn ti mọ́ fífà. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a fi ìka tẹ́ ojú tí a ti hun gbọọrọ lórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún kí a tó gbé òwú kejì kọjá.

Ọ̀rọ̀ àgbà kan

Àwòrán olórígun mẹ́rin yìí kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ yà. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ mọ́ àdúgbò àwọn ọmọ, ó sì ronú kan Ẹ̀yọ̀. Gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó mọ̀ pé aṣọ funfun ni Ẹ̀yọ̀ ń wọ̀, àti pé akẹtẹ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀: dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Làbà, yẹ́lò ni ti Oníkò, àwọ̀ ewé ni ti Ológèdè, àlùkò ni ti Àgẹ̀rẹ̀. Ó ya akẹtẹ̀ kéékèèké sórí bébà onígun, ó sì kọ 'tìmùtìmù' sí òkè rẹ̀. Ọmọ kan mú bébà náà lọ sílé láti fi kọ́ra.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà ọmọ náà tẹ̀ lé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n gba omi mu, wọ́n wá bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa pé, "Tíṣà, ta ni yóò jókòó lé e?" Akẹ́kọ̀ọ́ wa dáhùn pé ẹnikẹ́ni ni, mà. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ bàtà níwájú Ẹ̀yọ̀, akẹtẹ̀ rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó sábẹ́ ìdí rẹ̀ un?" Akẹ́kọ̀ọ́ wa dọ̀bálẹ̀. Ó sọ pé òun yóò fa bébà náà ya. Ìyá àgbà ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan, ọmọ Èkó sì ni àwọn ọmọ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju méjì lọ: kí akẹtẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí nǹkan náà má sì jẹ́ èyí tí a ń jókòó lé. Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga tí wọ́n jókòó sí. "Ibí ni kí ó wà. Kí a fẹ̀yìn tì í."

Ibẹ̀ ni ìfẹ̀yìntì ti wá. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ìtàn yìí fún wa lẹ́yìn tí a ti yọ máàkì, a padà sídìí gírámà. Ìrọ̀rí wà fún orí. Tìmùtìmù wà fún ìdí tàbí ẹsẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Àfòmọ́ ì- tí a fi ṣẹ̀dá ìfẹ̀yìntì tí ó jẹ́ orúkọ ìṣe ni ó tún ń ṣẹ̀dá orúkọ ohun èlò: ìgbálẹ̀ ni ohun tí a fi ń gbálẹ̀, ìbora ni ohun tí a fi ń bora, ìdérí ni ohun tí a fi ń dé orí nǹkan. Bí ìgbálẹ̀ bá lè wà lọ́wọ́ ẹni, kò sí òfin kankan nínú gírámà Yorùbá tí ó ní kí ìfẹ̀yìntì má wà lórí àga. Ìlò ọ́fíìsì ni ó bo ojú wa. A dá máàkì mẹ́ta náà padà.

Ìyá àgbà yìí náà ni ó to àwọ̀. Adímú ni ó ṣáájú, nítorí náà dúdú ni ọ̀wọ́ kìíní láti ìsàlẹ̀. Pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, àlùkò sì bọ́ sí àárín gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ karùn-ún. Láti ibẹ̀ ni a ti ń padà: àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa, dúdú. Yáàdì mẹ́wàá mẹ́wàá ni a nílò nínú àwọ̀ mẹ́rin, yáàdì márùn-ún nínú àlùkò.

Píparí rẹ̀

Ìdí òwú méjìdínlógún ni yóò wà ní etí lẹ́yìn ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án, yàtọ̀ sí ti funfun. A ó fi abẹ́rẹ́ ńlá kó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ inú òdì, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 kí a tó gé e. A ó rẹ aṣọ náà sínú omi tútù, a ó fi táwẹ̀ẹ̀lì gba omi ara rẹ̀, a ó sì fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ ẹní ní sẹ̀ǹtímítà 30 níbi tí oòrùn kò sí. Fún ẹ̀yìn rẹ̀, àránkù aṣọ ẹbí ni ó dára jù, èyí tí kò wọ́n nílé ẹnikẹ́ni ní Èkó. A ó gé e ní sẹ̀ǹtímítà 33 ní ìbú àti ní gíga, a ó kọ ojú méjèèjì sí ara wọn, a ó rán etí mẹ́ta, a ó yí i padà, a ó sì kì í. Òwú igi àràbà ni wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí láyé àtijọ́, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn omi. Àránkù wẹ́wẹ́ láti ọ̀dọ̀ télọ̀ ṣeé fọ̀, ó kàn wúwo ni. Etí kẹrin, ọwọ́ ni a fi ń rán an.

Ní ti àkókò, ìlà 78 pọ̀ jù fún ọmọ kan nínú sáà kan tí iṣẹ́ ọwọ́ kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa pín àwọn ọmọ sí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì hun ọ̀wọ́ kan kí ó tó gbé abẹ́rẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀. Ọwọ́ wọn kò dọ́gba. Nínú èyí tí ó wà lórí àga ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọ̀wọ́ kẹta súnkì díẹ̀ ní apá òsì. Nígbà tí ìyá àgbà wá wò ó, wọ́n fi ìka tọ ibẹ̀, wọ́n sì dárúkọ ọmọ tí ó hun ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn.